Mùfútáù, Má Torí Ètò Kọ̀ǹpútà Gba Ọ̀nà Igbó

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìfaradà ibi tí o wà. Àlàáfíà ni a wà ní Ìlaró. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn, pé òṣìṣẹ́ ni ọ́ báyìí. Yóò gùn o. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá ni orí mi ti dàrú, n kò sì tíì mọ ibi tí ǹ bá ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí mo gbọ́ sọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ ṣe akọ̀wé ní Ìjoun fẹ́ kí o tẹ èsì ìdánwò gbogbo àwọn ọmọ sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gba ìsinmi. O ní ètò tí o fi ń tẹ̀wé ti dákẹ́, pé kóòdù ló ń béèrè, kò jẹ́ kí o tẹ ohunkóhun mọ́. O ní ojúlówó rẹ̀ ju agbára rẹ lọ. O ní o kò sì fẹ́ ayédèrú, torí pé ọ̀gá yín kórìíra màgòmágó, o kò fẹ́ fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí dé ibẹ̀, inú mi ń dùn. Mo ń mi orí bí ẹni pé o ń rí mi. Àfi bí o ṣe ní Sàká ọ̀rẹ́ rẹ ní ọ̀kadà, pé bí o bá bá a gbé ìrẹsì gba ọ̀nà igbó wọlé fún ìgbà díẹ̀, o ó rí owó ètò náà.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti pòrúurùu mọ́ mi lójú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bi bàbá rẹ.

"Bàbá Mùfútáù, ṣé kí ó má baà lo ayédèrú ló ṣe fẹ́ lọ ṣe fàyàwọ́?"

"Ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ṣé èmi ni wàá bi? Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bùn fún un nílé-ẹ̀kọ́, wàá ní àwọn ará ilé bàbá rẹ ló jọ. Tó bá ti wá sọ irú èyí, ó di ọmọ tèmi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò rí i rín. Àjàní, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, kì í ṣe torí ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ti kọ̀ǹpútà, n kò ní lè sọ ti igbó.

Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí, mo sì tún rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ni mí. Kí wọ́n tó ti bódà, ìrẹsì àti òróró ni mo mọ̀. Bí o bá jí mi lójú oorun, màá sọ irú ìrẹsì tó wà nínú àpò fún ọ láì tú u. Nígbà tí ọjà tán lórí pẹpẹ, tó di pé mò ń gbá ṣọ́ọ̀bù tí kò dọ̀tí, ìwọ lo ní, "Ẹ lọ sílé-ẹ̀kọ́, Màmá, ṣebí ó wù yín tẹ́lẹ̀." Mo lọ. Ní báyìí mo ń jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á ti dáhùn ìbéèrè tán kí n tó wá bírò mi rí nínú báàgì. Nígbà mìíràn olùkọ́ á bi wá pé "ṣé ó yé yín?", gbogbo kíláàsì á ní ó yé wa, èmi náà á ní ó yé mi, kò sì yé mi. Nítorí náà, ohun tí mo bá kọ síbí nípa kọ̀ǹpútà, yẹ̀ ẹ́ wò. Bi ẹni tó mọ̀ jù mí lọ. Àfi ọ̀rọ̀ igbó nìkan. Ìyẹn, má bi ẹnikẹ́ni.

Èkíní. Ohun tí o ń wá owó rẹ̀ kiri yẹn, irú rẹ̀ kan wà tí a kì í san owó fún. LibreOffice ni wọ́n ń pè é. Òun ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí. Ó ń kọ̀wé, ó ń ṣírò, ó ń to orúkọ. Èsì ìdánwò tí ọ̀gá rẹ ń fẹ́, ó lè ṣe é.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní, "Màmá, bí kò bá ti lówó lórí, ṣé kò ní jẹ́ ti olè?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà rò, ìrònú yẹn sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì. O mọ bí àwa ará ibí ṣe ń mọ ọjà. Èyí tó bá ní ìwé aṣọ́bodè, tí wọ́n san owó rẹ̀ ní gbangba, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹnì kan bá rọra tì sí ọ lápá, tó ní "gbà, má dá mi lóhùn," o ti mọ ibi tó gbà wọlé. Ojú yẹn náà ni mo gbé lọ sílé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà. Ó fi ètò ìtẹ̀wé sí i fún mi, mo sanwó, mo sì ní kí ó kọ rìsíìtì. Ó kọ ọ́, ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Mo ká rìsíìtì náà sínú báàgì mi, ọkàn mi balẹ̀ pé n kò jalè. Kò pẹ́ tí nǹkan pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà náà, tó ń béèrè kóòdù, bíi tìrẹ. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì mi náà sì yí padà sí àwòrán kéékèèké tí kì í ṣí. Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń jókòó, Táyé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àgọ́sasà ni. Ó rí mi níbi tí mo ti ń kanra. Ó yọ fláàṣì tirẹ̀ jáde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gba èyí. LibreOffice ni. Ọ̀fẹ́ ni."

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo ní, "Táyé, rọra sọ̀rọ̀. Ta ló gbé e fún ọ?"

"Mo gbà á sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni."

"Ẹnikẹ́ni ò rí ọ?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Kí wọ́n rí mi ṣe kí ni, Mọ́mì?"

Mo gbà á torí pé iṣẹ́ àṣetiléwá wa ti sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n mo ń lò ó bí ẹni tó gbé ìrẹsì sábẹ́ gàrí. Bí olùkọ́ bá ti ń rìn bọ̀, mo máa ń na ìborùn mi lé ojú kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kan ó dúró lẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, kí lẹ fi ìborùn bò?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Àbí fíìmù lẹ̀ ń wò?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. N kò sanwó èyí. Ṣùgbọ́n mo ní ojúlówó nílé, rìsíìtì rẹ̀ nìyí." Mo yọ rìsíìtì mi fún un. Ó kà á, ó tún un kà, ó bi mí bóyá ẹni tó ṣe ètò náà ló fún mi, àbí ẹni tó bá mi fi sí i. Mo ní ẹni tó bá mi fi sí i ni.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Mọ́mì. Èyí tí ẹ fi ìborùn bò yìí, àwọn tó ṣe é kọ ọ́ síta pé kí ẹ gbà á, kí ẹ lò ó, kí ẹ dà á kọ fún ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ ní rìsíìtì rẹ̀, wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún yín. Èwo ló wá jẹ́ fàyàwọ́ níbẹ̀?"

Títí di òní, bí mo bá rántí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan yí ilé mi padà, tó gbé ilẹ̀kùn iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Èyí tí mo sanwó fún ló jẹ́ ti olè. Èyí tí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àjàní, mo gbà pé òótọ́ ni, mo ti kà á fúnra mi nínú ìwé àṣẹ tó wà nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì bá orí mi dé ibẹ̀.

Ohun tó ń rú mi lójú jù ni pé ta ló ń sanwó fún wọn? Mo bi Táyé. Ó ní àwọn èèyàn ní oríṣiríṣi ìlú ló ń dáwọ́ jọ ṣe é, pé àwọn mìíràn ń gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Bí ọ̀wẹ̀ nìyẹn, bí a ṣe ń bá ara wa ro oko."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, Mọ́mì."

"Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wẹ̀, a mọ oko ẹni tí à ń ro. Oko ta ni wọ́n ń ro yìí?"

"Oko gbogbo wa ni."

"Ta ni yóò wá kórè?"

"Ẹni tí ebi bá ń pa. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kórè lọ́wọ́ yìí, ẹ sì ń bá mi jà."

Mo kàn ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Èkejì ni bí wàá ṣe lò ó. Mo fi fláàṣì kan sínú àpò lẹ́tà yìí. Táyé ló bá mi nù ún mọ́ kí ó tó fi ètò náà sí i, torí ẹ̀rọ ayélujára Ìjoun kò ní jẹ́ kí o gba ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kí o tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, da gbogbo iṣẹ́ rẹ kọ sí ibòmíràn. Má tíì yọ ètò tó ti dákẹ́ yẹn kúrò, kí o má baà pa ohun tí o nílò. Àwọn méjèèjì lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Mo rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ wà lórí tèmi fún ìgbà díẹ̀, wọn kò jà.

O rántí pé ọjọ́ kan náà ni a ra kọ̀ǹpútà tìrẹ àti tèmi láti òdìkejì bódà, nígbà tí ọ̀nà ṣì là. Nítorí náà, èdè Faransé ni ètò náà yóò kọ́kọ́ máa sọ fún ọ. Má bẹ̀rù. Èmi tí mo fi Faransé ná ìrẹsì, ó dàrú mọ́ mi lójú. Mo tẹ iṣẹ́ mi tán, mo rí "Enregistrer," mo ní háà, wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi sílẹ̀. Mo ro ti àwọn aṣọ́bodè tó ń kọ orúkọ èèyàn lójú ọ̀nà, mo ní èmi kọ́, mo pa kọ̀ǹpútà. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀sán náà lọ. Àṣé kí n tọ́jú iṣẹ́ mi ni ó ń sọ. Bí o bá fẹ́ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí "Outils," lẹ́yìn náà "Options," lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n kọ "Langues" sí. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá sí níbẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò yí tèmi mọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta ni tàbí ó ṣì wà nínú èkejì. Bí o bá tẹ èsì náà tán, má kàn tọ́jú rẹ̀ bí ètò náà ṣe fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé jáde, obìnrin ibẹ̀ ní, "Màmá, fáìlì yín ti bàjẹ́." Omi lé sí mi lójú. Kò bàjẹ́ o. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Yan irú èyí tí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ lè ṣí, docx fún ìwé, xlsx fún ìṣirò. Èyí tí wàá fi tẹ̀ jáde, sọ ọ́ di PDF, ìlà rẹ̀ kò ní yẹ̀. Tẹ kíláàsì kan péré ná, kí o gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ kí ó ṣí i lójú rẹ, kí o tó tẹ ìyókù. Má ṣe bíi tèmi, tí mo máa ń tẹ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣìnà.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé LibreOffice fún ọ tó sì ń béèrè kóòdù, òun kọ́. Gbé e sílẹ̀. Bí o bá sì dé Ayétòrò tí o fẹ́ gba tuntun sílẹ̀ fúnra rẹ, ibi tí àwọn tó ṣe é gbé e sí gan-an ni kí o ti mú un. Àwọn ojúewé mìíràn á fi bọ́tìnnì ńláńlá tàn ọ́, wàá tẹ ọ̀kan, nǹkan mìíràn á wọlé.

Olùkọ́ wa tún ní ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí a lè fi rọ́pò gbogbo inú kọ̀ǹpútà, Linux ni ó pè é. Ó ní kọ̀ǹpútà tó ti gbó á tún máa sáré. A tilẹ̀ lè dán an wò láti orí fláàṣì láì pa ohunkóhun rẹ́. Mo dán an wò, ó ṣí, ó rẹwà, ẹ̀rù bà mí, mo pa á. N kò lè sọ fún ọ pé kí o ṣe é tàbí kí o má ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe báyìí tí èsì ìdánwò wà lọ́rùn rẹ.

Sọ fún ọ̀gá rẹ. Má rò pé yóò fojú kéré rẹ torí pé o kò ra nǹkan. Wí fún un pé, "Sà, ètò tèmi ti dákẹ́, mo rí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó ṣe é gbà wá láàyè." Bí ó bá kórìíra màgòmágó bí o ṣe sọ, inú rẹ̀ á dùn. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, a ó tún wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wàá sì fi máa wá a.

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀.

Àjàní, o mọ Ráṣídì, ọmọ Ìyá Rísí tí ilé wọn dojú kọ tiwa. Òun náà sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni òun fẹ́ fi gbé ìrẹsì. Ọ̀kadà wọn já sínú kòtò níbi tí wọ́n ti ń sá fún aṣọ́bodè, àpò ìrẹsì sì já lé e lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì nà. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Mùfútáù, fóònù ni ọmọ yìí fẹ́ rà o." Ó wọlé padà.

N kò lè wàásù fún ọ nípa ìrẹsì. Ọjà òdìkejì ni mo fi tọ́ ọ. Ìrẹsì tí mo ń gbé kọjá pẹ̀lú ìwé lójú ọ̀nà títì, òun náà ni wọ́n ń sápamọ́ gbé báyìí. Wọ́n ní torí àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n ṣe ti bódà. Bàbá rẹ, tó jẹ́ àgbẹ̀, ní òun kò tíì rí ìyàtọ̀. Èmi kò mọ ẹni tó jàre. Nínú kíláàsì, wọ́n ní ká kọ àǹfààní àti àléébù rẹ̀, mo kọ ojú ìwé kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan, n kò mọ èyí tí mo gbàgbọ́. Bí o bá ń retí ìyá tí gbogbo nǹkan dá lójú, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ tí kò fẹ́ lo ayédèrú, mo mọ̀ ọ́. Bí aṣọ́bodè bá dá ọ dúró nínú igbó, o kò ní mọ irọ́ tí wàá pa. Wàá dúró níbẹ̀ máa ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún wọn. Sàká á ti lọ.

Kò sí ohun tí o nílò nínú igbó yẹn. Ó wà nínú fláàṣì.

Bí o bá fi sí i tó kọ̀, má tún gbìyànjú, má sì bínú jáde. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Mo ti bá awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí sọ ọ́. Màá gbé kọ̀ǹpútà tèmi dání, a ó jọ jókòó síwájú àwọn méjèèjì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé a kàn jọ ń wò wọ́n ni. Dúró dè mí nílé.

Bí mo bá dé tí n kò bá ọ, n kò ní jókòó dè ọ́ o. Màá béèrè ibi tí ọ̀nà igbó náà ti bẹ̀rẹ̀, màá sì máa tọ̀ ọ́ bọ̀, tèmi ti báàgì ilé-ẹ̀kọ́ mi. O sì mọ̀ pé n kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù